Yàrá Tí Mi Ò Lè Wọ̀

Ogun abẹ́lé ti parí ní ọdún mélòó kan nígbà náà. Sójà ni ọkọ mi, iṣẹ́ wáyà ló ń ṣe ní bárékè kan n'Ìbàdàn, ọ̀sán Sátidé ló sì máa ń wálé sí Ìlọrà, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Bí mo bá bi í pé kí ló ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, kì í sọ nǹkan kan tó nítumọ̀.

Lọ́jọ́ kan, aládùúgbò wa tó lọ ra ọsàn ní Fìdítì sọ fún mi pé òun rí ọkọ mi nínú mọ́tò, tó ń bó ọsàn fún obìnrin kan tó jókòó tì í. Nígbà tí ọkọ mi délé, mi ò gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta lẹ bó ọsàn fún?"

"Táìpíìsì wa ni. Ọmọ Awẹ́ ni, yàrá kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́."

"Kí ló dé tí mi ò lè pè yín lórí tẹlifóònù ní yàrá yẹn?"

Ó jókòó, ó wá ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀rọ táìpù kan wà níbẹ̀ tó ń fi wáyà bá èkejì rẹ̀ ní bárékè Èkó sọ̀rọ̀. Wáyà náà ò kan ti ilé ìfìwéránṣẹ́ níbikíbi. Ará ìta ò lè pè wọlé, àwọn náà ò lè pè jáde, kí ọ̀tá má baà yọ́ ọ̀rọ̀ ológun gbọ́.

"Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, àfi kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ yàrá náà," ló wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá dá kún un. Èmi ìyàwó ò gbọ́dọ̀ yọjú síbẹ̀, obìnrin tí kì í tiẹ̀ ṣe sójà ń wọ̀ ọ́ láràárọ̀, wọ́n sì ń tilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, ẹnu mi ń kọrin, ọkàn mi wà ní yàrá tí mi ò rí rí.

Nígbà òjò, ìyá ọkọ mi yọ̀ ṣubú nídìí kànga, itan wọn kán. A gbé wọn lọ sí ọsibítù l'Ọ́yọ̀ọ́. Mo sáré lọ síbi tẹlifóònù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, bóyá wọ́n á tiẹ̀ lè bá mi pe yàrá ọkọ mi. Akọ̀wé ibẹ̀ mirí: "Ibẹ̀ yẹn ò sí lórí wáyà wa, mà." Mo fi àbúrò ọkọ mi ti ìyá, mo wọ mọ́tò Ìbàdàn.

Sójà ẹnu géètì ránṣẹ́ wọlé. Obìnrin kan ló jáde wá. Ó dára ju bí mo ṣe fẹ́ kó dára lọ.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìrìn. Ọkọ yín ò lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ títí ẹlòmíì á fi dé. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ìyá wọn ṣubú."

Ó káwọ́ lérí. "Ṣé ìyá tún lọ fami ni? Ṣebí ẹ ti kìlọ̀ fún wọn títí pé kí àwọn ọmọ máa fà á!"

Ọkọ tí kì í sọ ohun tó ń lọ ní yàrá yẹn fún mi, gbogbo ohun tó ń lọ nínú ilé mi ló ti rò fún obìnrin yìí níbẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ọsàn lọ.

Obìnrin náà ló lọ bẹ ọ̀gá wọn kí ọkọ mi tó rí àyè jáde. Ó pẹ́ kí ìyá tó tún rìn, pẹ̀lú ọ̀pá. Táìpíìsì náà wá kí wọn n'Ìlọrà. Mo gún iyán fún un, mo bu ẹran tó dáa sí i, mo sì ń ṣọ́ ojú ọkọ mi títí àlejò náà fi jẹun tán.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé táìpíìsì náà lọ ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ọkọ mi ní ẹlòmíì ti gba àga rẹ̀. Mo bi í bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n bu omi wá fóun. Mo bu omi náà wá, mo sì tún béèrè.