Àwòdì Àlàájì Mùsúdù, Ẹkùn Ọlákìtán

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ní Agboju nípa ọjọ́ tí àwòdì já ẹran gbà lọ́wọ́ Àlàájì Mùsúdù. Ọ̀sán gangan. Àlàájì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà, ó na ẹran díndín sókè bí ẹni ń wàásù.

"Kí ni ẹkùn fẹ́ fi han àwòdì?" ó ń bi Ọlákìtán. "Ẹranko tó jẹ́ pé..."

Fìrì! Ẹran ti lọ. Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì wo ọwọ́ òfìfo, ó wo òkè, ó yíjú padà.

"Ẹlẹ́rìí mi ló dé yẹn. Ó sì ti gba owó mọ́tò rẹ̀."

Ọlákìtán, ọmọ Festac tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé, kàn wá ra bisikíìtì lọ́jọ́ kan ni. Ló bá kó sínú àríyànjiyàn: nínú àwòdì òkè àti ẹkùn inú igbó, ta ni ọ̀gá? Ọdún mẹ́fà. Gbogbo Sátidé. Ẹkùn ló ń gbè lẹ́yìn, ohun kan ṣoṣo ló sì ń wá: kí Àlàájì sọ lẹ́ẹ̀kan péré pé, "O jàre, Kìtán."

Ẹnu Àlàájì kò gbà á.

"Àlàájì, ẹkùn ń gbé odindi ìgalà gun orí igi o!"

"Orí igi tó parí ìrìn àjò sí yẹn? Ibẹ̀ ni àwòdì ti ń gbéra."

Ọlákìtán fi mọ́tò gbé e lọ sí ọgbà ẹranko kan, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà. Wọ́n débẹ̀, ẹkùn na gbalaja, ó ń hanrun.

"Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́," Ọlákìtán ní. Ojú ń tì í.

"Mo gbọ́. Híhanrun ńkọ́?"

Nígbà tí àìsàn dá Àlàájì gúnlẹ̀, Ọlákìtán lọ kí i nílé ìwòsàn. Ó ti pinnu láti gbà fún un. Kí ọkàn bàbá lè balẹ̀.

"Àlàájì, mo ti rò ó. Àwòdì ni..."

"Pa ẹnu ẹ dé! Ṣé dókítà ló ní kó o máa ṣàánú mi? Gbèjà ẹkùn ẹ jàre, kára mi lè yá."

Ọlákìtán gbèjà ẹkùn. Àlàájì fẹnu lù ú bolẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kú.

Lọ́jọ́ fídáù, wọ́n ti ṣàdúrà tán níwájú ṣọ́ọ̀bù, ni Ọlákìtán bá mú ẹran díndín kan, ó nà án sókè. Àwòdì kan ń rà bàbà lókè Agboju. Ó yí. Ó tún yí. Apá ń ro Ọlákìtán. Àwòdì gba ọ̀nà Trade Fair lọ.

Àlàájà Adéníkẹ́, ìyàwó olóògbé, sún mọ́ ọn. "Kìtán, kí lò ń ṣe?"

"Mo fẹ́ kí Àlàájì borí, mà."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn nu ojú. "Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Tí wọ́n bá gbà á, àríyànjiyàn ti parí nìyẹn. Ṣé o ò ní í wá mọ́ ní Sátidé?"

Ọlákìtán wo ẹran náà títí. Ó jẹ ẹ́. Ó gbójú sókè ọ̀run.

"Ẹkùn ni!"

"Irọ́ lò ń pa," Àlàájà ní, ó sì fa àga sún mọ́ ọn. "Jókòó."