Eérú Tọ́ńtọ́n

Bí mo bá ti rí eérú nídìí ààrò, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní bọ́ọ̀lù ni mo máa ń rántí. Tọ́ńtọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, á gbé bàsíà, á máa bu eérú láti ilé dé ilé, á sì fi fa ìlà yí pápá ká. Àwa òǹwòran la máa ń tẹ̀ ẹ́ bà jẹ́.

Á ní, "Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ̀ ń jẹ pápá àwọn ọmọ." Á tún un fà.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú Kika jẹ wá ní góòlù márùn-ún, ó ṣì ń fà á. Mo ní, "Tọ́ńtọ́n, ṣé ìlà ló máa gbà wá?"

Ó ní, "Ká ṣáà mọ ibi tí a ti pàdánù."

Ìgbà ìkórè kajú ló kú. Ní Sátidé tó kọjá, Kika tún wá. Kò sẹ́ni tó bu eérú. Díẹ̀díẹ̀ la sún wọlé, títí àwọn ọmọ ò fi ríbi sáré mọ́. Ẹni tó ń fọn fèrè dá eré dúró, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Àwa ṣì dúró láàárín pápá, à ń retí ẹni tí yóò ní ká sún sẹ́yìn.