Ìjókòó Méjì sí Sókótó

Òórùn káńfọ̀ ni mo fi mọ̀ pé a tún ti fẹ́ kó lọ. Ọyẹ́ ń fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ìlódè, ètè gbogbo ọmọ inú àgbàlá wa sì ti là. Mo ń fọ ẹnu lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí òórùn yẹn gba ojú fèrèsé jáde, mo sì sáré wọlé pẹ̀lú omi lẹ́nu. Mọ́mì wa ti fa àpótí irin dúdú jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣa káńfọ̀ kúrò láàárín aṣọ. Orúkọ bàbá mi àti nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ wà lórí ìdérí àpótí náà, ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́. Àpótí yẹn kì í ṣí láìnídìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i tó ṣí kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni a sì kó kúrò níbi tí mo ti ní ọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ sójà bíi tèmi ò nílò àlàyé púpọ̀. Dádì ti wà ní Sókótó fún bí ọdún kan, àwa sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ifẹ̀, nítorí kò tíì rí yàrá gbà ní bárékè. Lẹ́tà rẹ̀ wá dé pé wọ́n ti fún òun ní yàrá méjì. Ṣùgbọ́n yàrá bárékè kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ìyàwó àti ọmọ ò bá tètè dé, wọ́n á gbé e fún sójà mìíràn tí ìyàwó tirẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Dádì fún wa. Mọ́mì dúró ka lẹ́tà náà, ó jókòó, ó tún un kà, kò sì jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Àwa mẹ́ta ni Mọ́mì bí nígbà náà. Èmi, Mojí, ni àkọ́bí. Dèjì tẹ̀ lé mi, ọmọ ọdún márùn-ún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdérí ìgò mínírà ló máa ń ṣà jọ, a sì máa tò wọ́n sórí ilẹ̀ bí ìgbà tí sójà bá ń tò fún páréèdì. Tèmi ni orúkọ ọmọ ọwọ́ wa, eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ fún un, kì í sì í jẹ́ ká gbádùn.

Màmá, ìyá Dádì, ló ni ilé. Ifẹ̀ pọ́nńbélé ló máa ń sọ, mi ò sì ní dán an wò láti kọ ọ́ síbí, kí àwọn ará ilé wa má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí àpótí ṣí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ṣa òkúta lára ìrẹsì, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá. "Ìyá Mojí," ó ní, "ọ̀nà yìí jìn. Ọmọ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ìwọ nìkan lójú ọ̀nà. Fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi." Màmá ní, "Mojí ti tó rán níṣẹ́. Fi Mojí sílẹ̀."

Nílé wa, irú ọ̀rọ̀ yẹn ò jọ ẹ̀bẹ̀. Ìyàwó tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn máa ń fi ọmọ kan ti ìyá ọkọ rẹ̀, kí ilé má baà dá páro, kí ẹni tó ń lọ sì lè rántí bọ̀. Èyí tó bá kọ̀, ohun tó ń sọ ni pé ìyá ọkọ òun ò ṣeé fi ọmọ tì. Mọ́mì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó, Màámi."

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo da òkúta tí mo ti ṣà padà sínú ìrẹsì. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn Màmá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n á gbàgbé mi. Dádì ti lo ọdún kan lọ́hùn-ún, ojú tirẹ̀ gan-an ti ń di fọ́tò lọ́kàn mi. Mo ronú pé bó ṣe máa rí fún èmi náà nìyẹn, tí wọ́n á máa ṣeré nínú yàrá méjì yẹn, tí mi ò ní sí níbẹ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n. Lọ́dọ̀ Màmá, mo di ọ̀lẹ. Ó rán mi ní iyọ̀ ní Òkèrèwè, mo rìn títí ọbẹ̀ fi gbẹ lórí iná. Ó ní kí n fa omi, mo jẹ́ kí korobá já bọ́ sínú kànga, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń wá ìkọ́ tí wọ́n á fi fà á jáde. Lọ́dọ̀ Mọ́mì ẹ̀wẹ̀, mo di ọmọlúwàbí òjijì. Mo ń pọn Tèmi, mo ń fọ àwọn aṣọ ìdí rẹ̀, mo ń dìde kí wọ́n tó jí mi. Màmá kàn ń wò mí ni. "Kí ló ń lé ọmọ yìí?" ló bi mí lọ́jọ́ kan. Mo ní kò sí nǹkan.

Ní ilé ìwé, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń kọ ìsọdipúpọ̀ lórin, ọmọ àti àpò lèmi ń kà. Mọ́mì máa ń sọ pé, "Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí." Ó ń sọ ọ́ fún wa kí á lè ṣọ́ra fún mọ́tò àti fún àlejò. Èmi wá sọ ara mi di alákàn, òun gan-an ni mò ń ṣọ́. Ọjọ́ tó ti gáréèjì dé, mo gbọ́ tó ń sọ fún Màmá pé ìjókòó méjì ni òun rí gbà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Sókótó, pé àwọn ọlọ́kọ̀ ò sì gbà kí ọmọ méjì há ara wọn sórí ìjókòó kan. Mọ́mì á gbé Tèmi lẹ́sẹ̀. Ìjókòó kan ṣoṣo ló kù. Mi ò mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló ṣẹlẹ̀. Mọ́mì ń ká aṣọ sínú àpótí, Dèjì wà nílẹ̀ nítòsí rẹ̀, ó ń to ìdérí ìgò. Mọ́mì ń dá sọ̀rọ̀, ó ní, "Odidi ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà." Ẹnu mi kàn là fúnra rẹ̀.

"Mọ́mì, Dèjì máa ń bì nínú mọ́tò."

Ó gbé orí sókè. "Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Ìpetumodù. Ẹ ò rántí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀?"

Ó rántí. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé èmi ni mo bì. Dèjì ló jókòó tì mí nínú ọkọ̀, ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dà sí, nígbà tí a sì délé tí Mọ́mì ń bá a wí, kò sọ pé èmi ni. Dèjì gbójú sókè báyìí, ó wò mí. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Ó tún tẹrí ba, ó ń bá eré rẹ̀ lọ.

Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ parí. Màmá ní ọmọkùnrin náà dára, òun á ṣe sùúrù fún un títí á fi tó rán níṣẹ́. Mọ́mì ní kò ní ju ìsinmi gígùn lọ tí òun á fi wá mú un. Ó yẹ kí n yọ̀, mo sì yọ̀ fún bí ìṣẹ́jú díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a lọ, Màmá mú Dèjì lọ wo ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lẹ́yìn ilé, kó má baà rí wa. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kí ọmọ má baà sunkún tẹ̀ lé ọkọ̀. A gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Mọ́mì ò wẹ̀yìn, àmọ́ ó di ọwọ́ mi mú débi pé ó dùn mí.

A kò tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí nǹkan fi ń rú sókè nínú mi. Mo gbé e mì. Mo di imú. Mo ka ẹsẹ Bíbélì tí mo mọ̀ nínú ọkàn. Bí a ṣe kọjá ibẹ̀, mo bì, mo bì sára mi, mo bì sára ìborùn tí wọ́n fi wé Tèmi. Mi ò dẹ́kun títí a fi dé Jẹ́bà. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa bó ọsàn, ó fún mi ní èèpo rẹ̀ pé kí n máa gbóòórùn rẹ̀. A wà lórí afárá, odò ń lọ nísàlẹ̀, Mọ́mì ń fi etí ìró rẹ̀ nu ẹnu mi, ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró.

"Mojí, ta ló bì lọ́jọ́ Ìpetumodù?"

Mo fi èèpo ọsàn bo imú. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ọ̀nà tí a gbà wá, ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Bí a bá padà, yàrá ti lọ. "Ẹyin lọ̀rọ̀," ló sọ, kò sì parí òwe náà. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ dé etí Dádì rẹ, kò sì gbọdọ̀ dé etí Dèjì." Nígbà tí a dé Sókótó tí mo tú ẹrù mi, mo bá ìdérí ìgò mẹ́rin nínú bàtà ilé ìwé mi. Dèjì ti di ẹrù tirẹ̀ sílẹ̀. Òun náà rò pé òun ń lọ.

Ìsinmi gígùn yẹn di ọdún mẹ́ta. Ìgbà kan, Tèmi ló ń ṣàìsàn, ìgbà mìíràn, wọn ò fún Dádì láyè. Nígbà tí a wá dé, Dèjì dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́mì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," bí ẹni ń kí àlejò, ó sì padà lọ dúró ti Màmá. Màmá ló ń pè ní Màámi. Mọ́mì Sókótó ló ń pe ìyá tó bí i. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wọ balùwẹ̀ tí kò tètè jáde. Dèjì ò bá wa padà. Ifẹ̀ ló dàgbà sí.

Màmá ti lọ, Mọ́mì náà ti lọ, ó sì mú àṣírí mi lọ. Dèjì ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ilé Màmá ní Ìlódè náà ló ń gbé. Èmi wá lọ fẹ́ sójà, ẹ má bi mí léèrè. Níbi tí gbogbo ìyà yẹn ti jẹ mí, ibẹ̀ náà ni mo padà sí. Lóṣù tó kọjá, ọkọ mi pè mí lórí fóònù pé wọ́n ti fún òun ní yàrá ní bárékè kan ní Màídúgùri, kí n tètè máa kó àwọn ọmọ bọ̀. Ọmọ mẹ́ta lèmi náà bí. Ọ̀dọ̀ Dèjì ni a sùn kí a tó lọ. Bí mo ṣe ń di ẹrù, mo rí àkọ́bí mi, Ìbùkún, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń fi ìka ka àwọn àpò. Mo pè é. Mo ní, "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ̀ ń bá mi lọ." Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì tún padà lọ kà wọ́n.

"Àǹtí Mojí," Dèjì wí, "ọ̀nà yẹn jìn. Ẹ lè fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi." Inú rere ló fi sọ ọ́. Mo ní rárá kó tó sọ ọ́ tán. Ó mi orí, kò bínú.

Òun ló bá wa gbé ẹrù dé gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí a ti jókòó tán, ó na ọ̀rá dúdú kan sí mi láti ojú fèrèsé. Mo yẹ inú rẹ̀ wò, mo rí èèpo ọsàn tútù àti ọ̀rá méjì mìíràn tó ká síbẹ̀. "Ẹ fi sọ́wọ́," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ máa ń bì nínú mọ́tò, kì í ṣe èmi." Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ni ọkọ̀ bá ṣí.

A kò tíì fi Iléṣà sílẹ̀ tí mo fi bì, Ìbùkún ló ń bá mi di orí mú. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Lọ́kọ́ja, mo bọ́ sílẹ̀, mo pe Dèjì lórí fóònù. Ó ń kan ìṣó lọ́wọ́ nígbà tó gbé fóònù.

"Ṣé ẹ ti bì?" ló bi mí.

"Mo ti bì," mo ní. "Dèjì, èmi ni mo bì lọ́jọ́ Ìpetumodù."

Òòlù dákẹ́ lọ́hùn-ún.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ara mi lẹ bì sí."

Ó ní kí n fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, kí ọkọ̀ tó tún ṣí. Mo dúpẹ́, mo padà wọkọ̀, mo ka àwọn ọmọ mi, wọ́n pé mẹ́ta. Gbólóhùn kan péré ni mo fi mú Dèjì kúrò láàárín wa nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbáko ni mo fi wá gbólóhùn kan tí mo lè fi dá a padà, mo sì ti sọ ọ́ báyìí, síbẹ̀ Ìlódè náà ló ṣì wà.