Kànga Tí Mo Tì Nítorí Ajá

Ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa fi aṣọ bo imú, tí Ọjà'ba dá páropáro, ọdún náà ni ajá mi kú. Àlùbọ́sà ni mo ń tà. Ọjà ti pa, àpò méjì sì ń bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nílé ní Bẹ́yẹrunkà. Èmi kì í da oúnjẹ nù. Mo ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀bà ajá láràárọ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ó ń lé aràn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ajá ò lè dìde mọ́. Èrìgì ẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, ìtọ̀ ẹ̀ pọ́n bí omi ìṣápá. Ẹsẹ̀ mi ló kú sí.

Mo ní mo mọ ẹni tó pa á. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni, a jọ ń gbé agboolé. Ajá ti lá kẹ́tù àlùwàlá ẹ̀ rí, ó sì sọ lójú gbogbo ilé pé, "Ìyá wa, ẹ so ajá yín. Bí ẹ ò bá so ó, màá bá yín so ó."

Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Èmi ni mo gbẹ́ kànga ilé wa. Mo ra àgádágodo, mo tì í. Gbogbo ilé ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, àfi òun. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ẹ̀rọ omi Bẹẹrẹ ló ti ń ru omi bọ̀, tòun toyún. Mo máa ń gbé àpótí síta kí n lè máa wò ó. Ó dùn mọ́ mi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, má yí i padà.

Ọmọ mi obìnrin ra ajá mìíràn fún mi. Mo tún ń gé àlùbọ́sà fún un, òun náà dùbúlẹ̀. Mo gbé e lọ bá dókítà ẹran ní Òkè-Àdó, mo ní kó bá mi wá májèlé tí obìnrin yẹn ń lò, kí n lè fi dójú tì í. Ó bi mí léèrè ohun tí ajá ń jẹ. Mo sọ.

Ó ní, "Màmá, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ̀yin lẹ ń fún un ní májèlé."

Ajá yẹn yè. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí kànga. Obìnrin náà rí i. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì ẹ̀, ó gba iwájú kànga kọjá, ó forí lé Bẹẹrẹ. Ọmọ tó lóyún ẹ̀ nígbà yẹn ti ń lọ iléèwé báyìí, ìyá ẹ̀ ò tíì pọn omi mi.

Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má fún ajá ní àlùbọ́sà, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ tinú ọbẹ̀; pé bí ajá bá ń ṣàìsàn, abọ́ ẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó wo ojú èèyàn. Àkọ́bí mi bi mí pé ṣé mo ti bẹ obìnrin náà. Mo ní mo ti ṣí kànga. Ẹni tí òǹgbẹ bá ń gbẹ, kó wá pọn.