Ọjọ́ Tí Okùn Já Lọ́wọ́ Àbúrò Mi

Gòjé òyìnbó ni bàbá wa máa ń pe fáólíìnì àbúrò mi obìnrin. Oníṣòwò aṣọ ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, sákárà ni wọ́n fẹ́ràn, wọn ò sì rí ìdí tí ọmọ Àlùhájì fi máa gbé igi há àgbọ̀n bí ẹni tí eyín ń dùn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin àbúrò mi fẹ́ ṣeré nínú gbọ̀ngàn kan nílùú wa, tí wọ́n ní òun ni yóò dá dúró níwájú, mo bẹ bàbá títí wọ́n fi gbà. A kírun Alásàrì tán, a lọ.

Orin àkọ́kọ́ kún fún ìfẹ́ àti àárò. Fáólíìnì kan ń sọ̀rọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ń dá a lóhùn. Àbúrò mi ti dijú, ó ti wọ inú orin lọ, ni nǹkan bá dún pá! Okùn já, ó ń fì níwájú rẹ̀.

Bàbá dìde. "Ó ti bàjẹ́!"

Kò bàjẹ́. Ọkùnrin tó jókòó sún mọ́ ọn jù na fáólíìnì tirẹ̀ sí i, ó sì gba èyí tí okùn rẹ̀ já. Àwọn yòókù ò dákẹ́. Àbúrò mi gbé ohun tí kò lò rí sí èjìká, ó mí kanlẹ̀, ó sì bá wọn lọ. Ohùn èyí wúwo díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ní kí bàbá jọ̀ọ́ jókòó. Bàbá ò gbọ́ wọn rárá.

Lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin kejì, orin àtijọ́ tó tutù, tó sì létò. Ẹ̀yìn ni àbúrò mi jókòó sí báyìí, láàárín àwọn olórin yòókù.

"Ṣé torí okùn yẹn ni wọ́n ṣe lé e sẹ́yìn?"

"Rárá, Bàbá. Èyí ò ní aṣáájú kan. Gbogbo wọn ló jọ ń gbé e."

Mo rí i pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ojú Bàbá ń tẹ̀ lé láàárín ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ń lọ sókè sódò.

Níta, Bàbá di ọwọ́ òsì àbúrò mi mú, wọ́n yẹ orí ìka wò. Ó ti yi bíi ti àgbẹ̀.

"Ṣé ó máa ń dùn ọ́?"

"Ó dùn mí gan-an níbẹ̀rẹ̀, Bàbá."

"Inú ilé mi lo ti ń jẹ ìrora yìí, tí mi ò mọ̀?"

"Inú ilé yín ni, sà."

Wọn ò fi ọwọ́ náà sílẹ̀ títí a fi dé ìdí mọ́tò.