Ọkùnrin Tí Mo Pè Wá Jẹun

Ọmọ mi obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí, ló ní ká lọ jẹun ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ní Kùtọ̀nú. Ọdún kẹjọ rẹ̀ nìyẹn ní Ṣáínà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ dókítà, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi wá kí mi, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Kùtọ̀nú ló sì dé sí. Ẹ̀ẹ̀kan ló yọjú sí mi nílé ní Pobẹ̀. Ó dé láàárọ̀, ó jẹ iyán, ó lọ sójú oórì bàbá rẹ̀, ó sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Mo ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè é, mo ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, mo ra àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹnu ọ̀nà ló ti wo yàrá náà, ó ní, "Ó dára, Màámi," ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi í: ìgbà wo ló ń padà bọ̀ wálé? Kì í ṣe ti kó wá kí mi kó tún lọ ni mò ń wí. Kó padà wá pátápátá ni. Kó gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan nítòsí, kí n máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀ tó bá ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Láti ọjọ́ tó ti dé ni ìbéèrè náà ti há mi lọ́fun. Ọjọ́rú ni a máa jẹun, ọjọ́ Ẹtì ló máa wọkọ̀ òfuurufú. Mo pinnu pé lọ́jọ́rú yẹn, bó yá bó pẹ́, mo máa bi í.

Mo wọ tásì ní Pobẹ̀, mo sì sọ̀ ní Sakété torí àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀. Ó fẹ́ ọkọ sáàárín àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò, aṣọ ni wọ́n ń tà, òun ló sì mọ gèlè wé láàárín àwa méjèèjì. Èmi, ìdí ọ̀pẹ ni mo lo ayé mi sí. Oko ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mò ń bomi rin ọmọ ọ̀pẹ, ọwọ́ mi le, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ gèlè. Àbúrò mi wé e fún mi tán, ó wá wolẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàtà ìsìnkú lẹ wọ̀ yìí."

Mo ní òun ni mo ní. Ó bọ́ tirẹ̀ fún mi, ó fún mi lẹ́sẹ̀ bí nǹkan míì, ó sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni kí n ṣe máa lọ. Ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ lọ bi ọmọ mi. Ó ní, "Ẹ má tíì la ẹnu kí ẹ tó jẹun tán o. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Ebi wo ló ń pa ọmọ tó ń pe ènìyàn lọ sí rẹ́sítórà?"

"Ta ló ń sọ ti ọmọ? Ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ tù yín nínú ná, kí ẹ má lọ fi ìbínú sọ ọ́. Mo mọ̀ yín."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó mọ̀ mí. Mo wọ tásì mìíràn. A fún ara wa mọ́ inú ọkọ̀ láti Sakété dé Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Kùtọ̀nú, mo sì ń ká ìbéèrè mi sórí. Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sọ ọ́ le, mo tún sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá àdúrà ni mò ń gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi lórí ilẹ̀ tó ń dán bíi dígí, lójú gbogbo àwọn tó ń wọlé tó ń jáde. Orí mi wú. Mo fà á dìde, mo gbá a mọ́ra, ó ti rù ju bí mo ṣe rò lọ. A wọlé, òtútù ẹ̀rọ kílíìmù sì bò wá. Kò pẹ́ tí a jókòó ni ọmọbìnrin kan gbé nǹkan funfun méjì tí wọ́n ká roboto wá lórí àwo, èéfín ń jáde lára wọn. Mo rò pé ẹ̀kọ ni. Mo ti ń wojú ọmọbìnrin náà pé ọbẹ̀ rẹ̀ dà, àfi bí ọmọ mi ṣe sáré mú tirẹ̀, tó tú u, tó fi nu ọwọ́. Aṣọ ìnuwọ́ ni! Mo ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi fi èdè Ṣáínà sọ ohun tí a máa jẹ. Ó ń yára sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. Mo wò ó tìyanu-tìyanu. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀, ó wá ń sọ ohun tí mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó ní òun ti sọ fún wọn kí wọ́n má fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí nǹkan wa, torí ìjọ aláṣọ funfun tí mo wà kì í jẹ ẹ́. Mi ò rán an létí. Inú mi dùn pé ó rántí, bẹ́ẹ̀ mi ò sì fẹ́ kí inú mi tètè dùn lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbé ẹja odindi wá, wọ́n gbé pẹ́pẹ́yẹ wá, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ata ilẹ̀ sè. Àárín tábìlì náà ń yí, bí o bá fi ọwọ́ tì í, oúnjẹ á wá bá ọ. Ọmọ mi mú igi ìjẹun méjì, ó yọ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, ó gbé e sínú àwo mi. Nílé wa, àgbà ló ń pín ẹran fún ọmọ. Ó wá di pé òun ló ń pín fún mi, èmi sì jókòó bí àlejò rẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

A ń jẹ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan jáde láti ilé ìdáná. Ará Ṣáínà ni, irun rẹ̀ ti ń funfun díẹ̀díẹ̀, òun ló ni ibẹ̀. Ó ń kí àwọn oníbàárà láti tábìlì dé tábìlì. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó tẹrí ba. Ṣíbí ti dé ẹnu mi, mo sì ṣe ohun tí a máa ń ṣe ní Pobẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bá wa lórí oúnjẹ. Mo fi ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́ sọ fún un pé, "Ẹ wá jẹun," mo sì nawọ́ sí àga.

Ará ilé wa mọ èsì rẹ̀. Á ní, "Ó á gbabi ire," á sì bá tirẹ̀ lọ. Láti kékeré ni mo ti ń pe ènìyàn báyìí, kò sí ẹni tó jókòó rí. Bí gbogbo wọn bá ń jókòó ni, ebi ì bá ti pa mí kú tipẹ́. Ọkùnrin yìí wò mí, ó wo àga, ó fà á, ó jókòó.

Ọmọ mi fi ọwọ́ bojú. Ó rọra sọ fún mi pé, "Màámi, ó rò pé tọkàntọkàn lẹ pè é."

Mo ní, "Tọkàntọkàn náà ni. Sọ fún wọn kí wọ́n gbé àwo wá."

Ṣé mo lè lé e dìde ni? Mo gé nínú ẹja fún un, mo bu ìrẹsì fún un, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Ó sọ nǹkan, ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń se oúnjẹ ní ìlú yìí, kò tíì sí ẹni tó pe òun wá jẹ nínú rẹ̀. Mo ní kó jẹun dáadáa. Mo bi í bí a ṣe ń bi ẹni tí a bá jọ ń jẹun: ìyá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó wà láàyè?

Ó wà láàyè. Abúlé ló wà, òun nìkan, ó ń sin pẹ́pẹ́yẹ. Ìgbà wo ló rí i kẹ́yìn? Ọdún kọkànlá rèé.

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo ní, "Bi í, kí ló dé tí kò lọ?"

Ọmọ mi bi í. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́, kò gbójú sókè, ó ń fi ìka yí ife tíì rẹ̀. Mo ń retí kí ọmọ mi túmọ̀, kò túmọ̀. Nígbà tí mo wojú rẹ̀, omi ti ń dà níbẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan, Màámi."

"Ẹni tó sọ̀rọ̀ títí tíì fi tutù?"

Ó nu ojú. Ó ń wo tábìlì bó ti ń sọ ọ́. "Ó ní bàbá òun kú, òun kò sí níbẹ̀. Ó ní bí òun bá délé, ìyá òun máa bi òun pé ìgbà wo lòun ń padà bọ̀. Òun kò sì ní èsì tó máa dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún ni ìbéèrè náà ń wúwo sí i, òun kò sì lè lọ mọ́."

Bàbá ọmọ mi kú ní ọdún tí wọ́n ti gbogbo ọ̀nà òfuurufú pa torí àjàkálẹ̀ àrùn. Orí fóònù pọ́tábù rẹ̀ ni ọmọ mi ti wo bí a ṣe sin ín. Títí di òní, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà nínú ohun tí ọmọ mi sọ fún mi, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ mi fúnra rẹ̀. Mi ò bi í. Ìbínú tí mo gbé wá láti Pobẹ̀ ti kúrò lára mi, ẹ̀rù ló kù. Ẹ̀rù bà mí pé ọmọ mi náà lè pé ọdún mọ́kànlá kí n tó tún rí i.

Ìbéèrè mi wà lórí ahọ́n mi nígbà náà gan-an. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Sọ fún un kó lọ. Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ò ní bi í. Kó ṣáà máa wá, kó jẹun, kó sùn. Ìyá rẹ̀ ò ní bi í ní ohunkóhun."

Ọmọ mi ò kọjú sí ọkùnrin náà. Èmi ló ń wò. "Ṣé òótọ́ ni, Màámi?"

Mo ní òótọ́ ni.

Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́ fún ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi, ó sì padà sí ilé ìdáná rẹ̀. A jẹ ìyókù oúnjẹ. Nígbà tí a jáde, mo ti ń dágbére, àfi bí ọmọ mi ṣe ní òun ń bá mi lọ. Ó wọ tásì pẹ̀lú mi dé Pobẹ̀, láìmú aṣọ kankan dání. Aṣọ mi ló wọ̀ sùn. Ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé tó ń wẹ̀, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí ó fi wẹ̀ tán. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó lọ.

Láti ìgbà náà, ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Pobẹ̀ ló ń dé sí báyìí tààrà. A ń ṣeré, a ń bú àbúrò mi tí kò sí níbẹ̀, a ń jọ lọ sójú oórì. Mi ò bi í. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, kódà nígbà tó bá jókòó tì mí, torí mo ti ń ka ọjọ́ tó máa lọ.

Lóṣù tó kọjá, ó pè mí lórí pọ́tábù. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó wá dákẹ́. Mo rò pé ìpè ti já.

Ó ní, "Màámi, ṣé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ bi mí?"

Mo rántí pé mo ti ṣèlérí. Mo tún rò ó pé bí mo bá bi í, tí kò sì wá mọ́ ńkọ́?

Mo ní, "Kò sí o, ọmọ mi."

Ó ní, "Ó dáa," ó ní wọ́n ń pe òun níbi iṣẹ́.