Ọrùn Màámi àti Ṣòkòtò Jíǹsì

Ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méje, Màámi wọ ilé wa ní Ajárá pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tó ti ya láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Aago náà dá mi lójú nítorí pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mo sì ń wo fóònù mi bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná sára. Bí ó ṣe ṣubú lórí ọ̀kadà gan-an ni kò dá mi lójú, torí n kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ló gbà sọ ọ́ fún mi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lákọ̀ọ́kọ́, ọlọ́kadà ló sáré jù. Lẹ́ẹ̀kejì, etí síkẹ́ẹ̀tì ló há sínú táyà ẹ̀yìn níbi tó fẹ̀gbẹ́ jókòó sí. Mo wo síkẹ́ẹ̀tì náà, mo rí gíríìsì lẹ́bàá ibi tó ya. Àlàyé kejì ni mo gbà.

Tíṣà ni Màámi, ó sì ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú ni wọ́n máa ń fún un, kì í sì í fẹ́ kíláàsì mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yẹn ni wọ́n gbé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí wa lọ sí apá Ìwòrò. Bọ́ọ̀sì yóò gbé e dé oríta, ọ̀kadà yóò wá gbé e wọ inú lórí ọ̀nà oníyanrìn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kó wọ ṣòkòtò rí. Bóyá síkẹ́ẹ̀tì ni tàbí ìró, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi jókòó lórí ọ̀kadà, á fi ọwọ́ kan di aṣọ mú, á fi èkejì di ọlọ́kadà mú.

"N ò gùn ún mọ́," ó wí, ó ń fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀. "Fọ́ọ̀mù tó wà nínú báàgì mi yẹn, mo máa fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì ṣáájú àkókò ni. Ó ti mú un wálé láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní òun kàn fẹ́ ní in lọ́wọ́ ni. Ọdún mélòó kan ṣì kù fún un. Mo sì mọ̀ pé kò wù ú láti lọ, nítorí òru ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ló fi ń gé páálí sí ìrísí ẹja àti ọsàn tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò.

"Ẹ wọ ṣòkòtò," mo wí.

"Ta ni? Èmi?"

"Jíǹsì. Ó nípọn. Tí ẹ bá ṣubú, òun ni yóò kọ́kọ́ bó kí awọ yín tó bó."

"Kí ló dé tó o fi ń sọ pé tí mo bá ṣubú? Sọ pé n ò ní ṣubú mọ́."

"N ò lè sọ ohun tí n ò mọ̀, Màámi."

"Yunifásítì ti ba ọmọ mi jẹ́," ó wí. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì di àárọ̀ Sátidé, òun ló jí mi.

Ìsọ̀ kan nínú ìlú Àgbádárìgì tí wọ́n ti ń ta aṣọ tuntun la kọ́kọ́ lọ. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò lè jù mí lọ. Ó sọ ohun mẹ́ta fún wa kí a tó wọlé tán: pé jíǹsì òun kì í ṣí, pé ó máa fẹ̀ tó bá yá, pé ojúlówó ni. Mo bi í báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá òun wí. Mo fi omi tutù sí aṣọ ìnujú mi, mo nu ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, aṣọ ìnujú náà di aró. Èkíní nínú ohun mẹ́ta náà ti bà jẹ́ nìyẹn. Mo ká aṣọ ìnujú náà sápò.

Màámi jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Bọ́tìnnì wọlé, ṣùgbọ́n ó dúró bí ẹni tó gbé omi lérí.

"Ó bá yín mu gan-an, Mummy!"

"Mi ò lè jókòó."

"Ẹ má da ara yín láàmú, ó máa fẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ máa fi dúró ná."

"Ọmọ mi, orí ọ̀kadà ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ṣé kí n máa dúró lórí ẹ̀ ni?"

Ọmọbìnrin náà mú òmíràn wá. Ìyẹn gbà á dáadáa, ó lè jókòó, ṣùgbọ́n wọ́n ti ya orúnkún rẹ̀ méjèèjì láti ilé iṣẹ́. Ó ní bí ayé ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn.

"Èyí tó ya wà nílé," ni Màámi wí. "Ọ̀fẹ́ ni mo sì fi ya á."

Lẹ́yìn ọ̀sán a wọ ọkọ̀ lọ sí Gbájì, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta òkìríkà lẹ́bàá títì tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gùn ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè jìnnà sí ti Màámi, ohùn rẹ̀ sì ga ju ti àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú béèlì tuntun sórí tàpólì ni, àwọn obìnrin ti yí i ká. Kò sí yàrá tí èèyàn ti lè gbìyànjú aṣọ níbẹ̀. Ọrùn ni wọ́n fi ń wọn ṣòkòtò: wọn yóò fi ìbàdí ṣòkòtò yí ọrùn rẹ ká, tí etí rẹ̀ méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn, ó ti bá ọ mu nìyẹn, kí o máa gbé e lọ.

"Ìyá tíṣà, ẹ mú ọrùn wá," ni obìnrin náà wí nígbà tí Màámi ti sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún un. Ó fi jíǹsì kan yí i lọ́rùn. Etí méjèèjì pàdé. "Ó pé! Ọrùn kì í purọ́!"

Inú Màámi dùn débi pé ó fẹ́ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Èmi àti obìnrin náà na ìró kan bo Màámi, ó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ṣòkòtò náà gòkè wẹ́rẹ́ títí dé itan, ó wá dúró níbẹ̀ bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó dé iwájú kọ́sítọ́ọ̀mù.

"Ẹ mí sínú," ni obìnrin náà wí.

"Mo ti mí sínú. Mo ti mí tán."

"Á jẹ́ pé ọrùn yín ló tín-ín-rín jù."

"Ẹ̀bi ti wá di ti ọrùn mi báyìí?"

Mo jókòó sórí àpótí kan, mo ń wò wọ́n. Láàárín bí ìdajì wákàtí, obìnrin méje ló fi ọrùn wọn ṣòkòtò, tí wọ́n sì wọ̀ ọ́ lójú mi. Márùn-ún jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì bá gbogbo wọn mu. Àwọn méjì tó kù jọ ẹgbẹ́ Màámi, ti àwọn méjèèjì ló há. Méje kò tó láti fi dá ẹjọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí fọ́tò ìgbéyàwó Màámi tó wà ní pálọ̀ wa. Ọrùn inú fọ́tò yẹn àti ọrùn tó wà níwájú mi, n kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ìbàdí ni kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Ọrùn kò purọ́ lóòótọ́. Ìròyìn ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ló ń sọ.

Mo sọ èyí fún wọn, n kò pariwo. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó fi Ẹ̀gùn sọ ohun kan fún àwọn oníbàárà rẹ̀ tí gbogbo wọn fi bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ Ẹ̀gùn tó láti mọ ohun tó jẹ́.

"Dókítà jíǹsì ti dé o! Ó dáa, báwo la ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n?"

Mo gba gèlè orí Màámi, mo fi yí ìdí rẹ̀ ká níbi tó ti tóbi jù, mo ta kókó síbi tó parí sí. Mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì, mo wá ń tẹ́ ẹ lé àwọn ṣòkòtò lórí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìkẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ló bá a mu: jíǹsì ọkùnrin, ó ti rọ̀, orúnkún rẹ̀ ti funfun díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ya. Mo fi omi sí apá kan aṣọ ìnujú mi tó ṣì mọ́, mo nù ún. Kò sí aró.

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí lọ́dọ̀ àwọn yòvó," ni obìnrin náà wí. Òyìnbó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Kò ní ohun tó fẹ́ ṣí mọ́. Kò ní fún, kò ní fẹ̀."

Èyí ni ọ̀rọ̀ ọlọ́jà kan ṣoṣo tí mo gbà lọ́jọ́ náà láìjiyàn. Tuntun ṣì lè yí padà sí ohunkóhun lẹ́yìn tí a bá ti sanwó tán. Èyí ti yí padà tán kó tó dé Gbájì.

"Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn," ni Màámi wí. "Ẹ gbé e wá."

Ó wọlé. Bọ́tìnnì dé. Màámi wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó gbé ẹsẹ̀, ó gun béèlì kan tí wọn kò tíì tú bí ẹni gun ẹṣin. Àwọn obìnrin hó yèè. Kò sí ohun tó ya.

Ní ọjọ́ Àìkú ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó tún wọ̀ ọ́ rìn yí ilé ká. Bàámi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, pè wá.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ìyá rẹ ti di ọmọge?"

Màámi já fóònù gbà. "Mo ti di ọlọ́pàá. Ẹ ṣọ́ra."

Síbẹ̀, nígbà tí mo bi í nípa fọ́ọ̀mù náà, ó ní ó di ojú ọ̀nà kí òun tó mọ̀. Ó ká ìró kan sínú báàgì, pé òun yóò ró o tí òun bá dé ilé ẹ̀kọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé mo bá a wọ bọ́ọ̀sì, mo sìn ín dé oríta. Ó wọ bùbá gígùn sórí jíǹsì náà. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

"Háà, Ìyá tíṣà! Ẹ ti di ọ̀kan lára wa o!"

"Èwo nínú yín ló mọ ọ̀kadà rọra gùn?"

Gbogbo wọn na ọwọ́ sókè. Ó yan èyí tó dàgbà jù. Ó di èjìká rẹ̀ mú, ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò dé. Ó tún gbé e, ó dé. Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

"Tó o bá sáré, mo máa fún ẹ ní iṣẹ́ àṣetiléwá," ó sọ fún ọlọ́kadà náà.

Aago méje ku ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ni wọ́n gbéra. Bóyá ó fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí kò fi sílẹ̀, n kò lè fi ojú mi jẹ́rìí sí i. Mo dúró sí oríta títí ọ̀kadà fi dé ibi tí ọ̀nà ti yí. Títí dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ Màámi kan wà lápá ọ̀tún, èkejì wà lápá òsì, kò sì fi ọwọ́ kankan di aṣọ mú.